Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi wà lókè òkun: kí ni kí n ṣe kí ọjọ́ náà má bàa bá mi lójú ọ̀nà?

Ìyá Ọmọ Kan

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ kan fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé kẹta oṣù kẹsàn-án, àmọ́ kì í ṣe nílé ló ti fẹ́ ṣe é. Erékùṣù Santorini ní ilẹ̀ Gíríìsì ni. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n pè. Oṣù márùn-ún ló kù. Mo ti wọ ọkọ̀ òfurufú rí, ṣùgbọ́n ìrìn iṣẹ́ ni, ọ́fíìsì ló máa ń bá mi ṣe gbogbo ètò, tèmi ò ju kí n gbé báàgì. Èyí tí mo fẹ́ fi owó ara mi ṣe yìí, tí mo sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ọjọ́ kan pàtó tó pé, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ìwé ìpè náà wà lára fìríìjì, mo ń wò ó, òun náà ń wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ò mọ̀ kí ẹ tó gbéra tó wá dùn yín nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Àbúrò, kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó o tó ronú aṣọ, dìde báyìí kó o kó ìwé ìrìnnà yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta. Ṣí ojú ewé tí àwòrán yín wà, kó o wo ọjọ́ méjì: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa kú. Gíríìsì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí físà kan náà ń wọ gbogbo wọn. Òfin wọn ni pé ìwé náà kò gbọdọ̀ ju ọdún 10 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku oṣù 3, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ibòmíràn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Indonéṣíà, níbi tí àwọn tó ń lọ ṣe ìgbéyàwó ní Bali ń gbà wọlé, oṣù 6 ni wọ́n ń béèrè, láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá balẹ̀. Ìwé ọmọdé ló sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọdún 5 péré ni wọ́n ń fún ọmọdé, àwọn òbí á wá máa rò pé tiwọn àti tọmọ jọ máa kú lọ́jọ́ kan náà ni.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń gba físà, wọn kì í gba ìwé ìbéèrè físà Schengen tó bá ṣì ku ju oṣù 6 lọ kí ẹ gbéra, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí kò ní ku ọjọ́ 15. Ìdáhùn wọn máa ń jáde láàárín ọjọ́ 15, àmọ́ wọ́n láṣẹ láti fà á dé ọjọ́ 45. Èyí tó sì ń pa èèyàn gan-an kò sí nínú òfin kankan: ìgbà tó o máa tó rí àyè lọ fi ìwé rẹ sílẹ̀. Bí àsìkò ìsinmi wọn bá ti ń sún mọ́lé, ìlà á gùn. Oṣù márùn-ún tó o ń wò yẹn, kò pọ̀.

Wọ́n á béèrè ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó 30,000 yúrò. Ẹ gba lẹ́tà ìpè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín, kí orúkọ yín wà níbẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gẹ́lẹ́, kì í ṣe orúkọ tó fi ń pè ọ́ láti ilé ìwé. Bó bá sì wà lọ́kàn yín láti yà wo Tọ́kì kí ẹ tó padà sí Gíríìsì wá wọkọ̀ ilé, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń béèrè físà. Tọ́kì kò sí nínú Schengen. Ẹni tó gba físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá jáde, ìta náà ló máa wà.

Ìyá Ọmọ Kan

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo dìde lọ wò ó lóòótọ́. Tèmi àti ti bàbá rẹ̀ ṣì dáa. Ti ọmọ máa kú ní oṣù kọkànlá! Bí ẹ ò bá sọ ọ́ ni, ibi tá a ti máa gba físà la ti máa gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà

Ṣé o rí i. Lọ bẹ̀rẹ̀ tọmọ lọ́la.

Afẹ́fẹ́ Òkun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi. Erékùṣù kan nínú òkun Aegean tí Santorini wà náà ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó tí mo lọ, oṣù kẹjọ ni. Mo ṣírò rẹ̀ dáadáa lójú ara mi: màá balẹ̀ sí Athens ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ ojú omi á gbéra ní èbúté Piraeus lọ́sàn-án, màá sùn sí erékùṣù, ìgbéyàwó di ọ̀sán Sátidé. Afẹ́fẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní meltemi, apá àríwá ló ti ń fẹ́ wá, oṣù keje àti ìkẹjọ ló sì ń le jù. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ló rí fẹ́. Wọ́n ní kí ọkọ̀ kankan má ṣí. A wà ní èbúté, àwa bíi mẹ́wàá tá a fi aṣọ ìgbéyàwó kọ́ èjìká nínú ọ̀rá, à ń wo ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Kí n tó ronú kan ti òfurufú, tíkẹ́ẹ̀tì ti tán pátápátá. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo tó débẹ̀. Wọ́n ti jókòó ti oúnjẹ. Ìyàwó rí mi, ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, àmọ́ ẹkún tiwa méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Torí náà, ọjọ́ méjì. Bí ìgbéyàwó bá bọ́ sí Sátidé, kí Ọjọ́bọ̀ bá ọ níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án tiyín, afẹ́fẹ́ náà ti máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, kò kàn túmọ̀ sí pé kì í fẹ́ rárá ni. Láti Piraeus dé Santorini, ọkọ̀ ojú omi ń gba nǹkan bíi wákàtí 5 sí 8, bí ọkọ̀ bá ṣe yá sí. Ti òfurufú láti Athens kò tó wákàtí kan. Bó bá jẹ́ èmi, màá gba òkè lọ, màá gba omi bọ̀, nígbà tí kò sí ohun tó ń lé mi mọ́.

Owó Ara Mi

Ọjọ́ méjì dùn ún sọ lẹ́nu. Àwa mìíràn wà tí ọjọ́ ìsinmi wa lọ́dún kò kún ọwọ́, òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan síwájú sí i náà sì jẹ́ owó. Mi ò ní kí ẹ má tètè lọ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan lọ náà ní ohun tó lè ṣe.

Èkíní, ọkọ̀ òfurufú tó bá kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ ni kó o wọ̀. Bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ ni ìdádúró ń gun orí ara wọn, ọkọ̀ alẹ́ ló ń gba èyí tó gbẹ̀yìn. Èkejì, jẹ́ kí gbogbo ìrìn náà wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo títí dé ibi tó ò ń lọ. Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí ìkejì fi lọ, àwọn ló máa wá òmíràn fún ọ. Àmọ́ bó o bá ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí pé ó dín lówó (mo ti ṣe é, mo mọ bó ṣe ń dunni), ọkọ̀ kejì kò ní mọ ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́. O tún máa jáde lọ gba ẹrù, kó o tún tò láti fi í sílẹ̀, ìyẹn bí wọ́n bá jẹ́ kó o wọ ìlú yẹn rárá. Àwọn tó ń lọ sí ìgbéyàwó ní Kàríbíà, ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń gba físà Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ máa nílò rẹ̀ bí ọkọ̀ rẹ̀ bá kàn yà síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Kò sí ti pé mo kàn ń kọjá ni lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀kan tún ń bọ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ tó o rà, bí o ò bá wọ ti àlọ, ti pé ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ọ débẹ̀ nínú mọ́tò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa ti àbọ̀ rẹ́. Pè wọ́n ṣáájú.

Afẹ́fẹ́ Òkun

Mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe erékùṣù o. Ti erékùṣù, ọjọ́ méjì ni mo sọ, mi ò yí i padà.

Ọ̀tún Ìyàwó

Fiji ni wọ́n ti ṣe ti ọ̀rẹ́ mi. Los Angeles ni àwọn kan nínú wa ti ń bọ̀. Ọkọ̀ tó bá gbéra níbẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, àárọ̀ Sátidé ló máa balẹ̀ sí Nadi ní Fiji, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi wákàtí 11 péré lèèyàn lò lókè. Ìlà tí wọ́n fi pín ọjọ́ láàárín òkun Pàsífíìkì ló gbé Jímọ̀ mì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ti ra tirẹ̀ fún alẹ́ Jímọ̀, ó ní ní Sátidé lòun máa débẹ̀, ọ̀sán ni ìgbéyàwó. Ìyá ọkọ ló kàn bi í pé, "Ọjọ́ wo lọkọ̀ rẹ máa balẹ̀, ọmọ mi?" Ó gbé fóònù, ó wò ó, ara rẹ̀ bu ṣìn-ìn. Ọjọ́ Àìkú! Ẹ máa ka ọjọ́ ìbalẹ̀, ẹ má ka ọjọ́ ìgbéra nìkan.

Ní ti aṣọ: èyí tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà kò gbọdọ̀ fojú kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ yín ni kó wà. Mo máa ń ká tèmi rogodo yí aṣọ ìnura ká, kó má bàa ní ojú ìpẹ́ta, màá sì tì í sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́. Bí mo bá dé òtẹ́ẹ̀lì, màá gbé e kọ́ ilé ìwẹ̀, màá ṣí omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá pa ilẹ̀kùn dé. Kó tó di àárọ̀, ó ti tẹ́jú. Bàtà, bákan náà. Àbúrò Ìyá Ọmọ Kan, má gbé bàtà onígìgísẹ̀ tínrín lọ sí Santorini. Òkúta àti àtẹ̀gùn ni gbogbo ọ̀nà Fira àti Oia, àwọn ìlú tó wà níbẹ̀. Mo rí obìnrin kan níbẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ há sáàárín òkúta méjì, tí ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ ń fà á, àwọn àlejò òyìnbó dúró ń yà wọ́n ní fọ́tò, wọ́n rò pé ó ń dẹnu kọ ọ́ ni.

Ẹrù tó bá pọn dandan kó lọ sísàlẹ̀, ya àwòrán rẹ̀ nínú àti níta kó o tó fi sílẹ̀. Bí kò bá jáde, má kúrò ní pápákọ̀ láìkọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní tábìlì àwọn ẹlẹ́rù, kó o sì gba nọ́ńbà. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé lórí èyí ni àdéhùn Montreal ti 1999. Bí ẹrù bá bàjẹ́, ọjọ́ 7 lo ní láti kọ̀wé sí wọn láti ọjọ́ tó o gbà á. Bó bá pẹ́ dé, ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó o bá sì rà nítorí pé ẹrù kò sí, tọ́jú rìsíìtì.

Fúyẹ́fúyẹ́

Kíákíá ni tèmi. Páwà báǹkì, ọwọ́ ni, kì í lọ sísàlẹ̀ láéláé. Tó bá ti ju 100 Wh lọ (ìwọ̀n agbára iná tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀), gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn; tó bá ju 160 lọ, fi í sílé. Bí wọ́n bá kọ mAh nìkan sára rẹ̀, fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀, kó o pín in sí 1,000: ti 20,000 mAh jẹ́ 74 Wh, kò séwu. Iná kéékèèké tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ tó ń ta ṣẹ́ṣẹ́ bí ìyàwó bá ń jáde, kì í wọ ọkọ̀ òfurufú, ì báà jẹ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán yín. Lọ́fínńdà àti ìpara nínú báàgì ọwọ́, 100 ml lẹ́nu ìgò kan. Àwọn pápákọ̀ kan ti ń fojú fo èyí, àmọ́ pápákọ̀ tí ẹ máa gbà bọ̀ lè má tíì gbọ́.

Ìyàwó Ọdún Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti òdì kejì, torí èmi ni ìyàwó nígbà náà. Kàríbíà ni wọ́n ti ṣe tiwa.

Àwọn tó ní àwọn ò lè wá kọ́ ló dùn mí. Ẹni tó pè mí lọ́sẹ̀ tí ìwé ìpè dé ọwọ́ rẹ̀ tó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, owó yìí ju agbára mi lọ, màá bá yín ṣe é nígbà tí ẹ bá dé," mo bù ú ní ọ̀wọ̀ títí dòní. Àwọn tó ń sọ "à ń múra, ó kù díẹ̀" fún oṣù mẹ́rin, tí wọ́n wá já bọ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn tá a ti sanwó àga àti bọ́ọ̀sì orí wọn, àwọn yẹn ni. Bí ẹ ò bá lè lọ, ẹ sọ ọ́ ní àárọ̀. Bí ẹ máa lọ, orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ìpè nìkan la pè. Bí ọmọ ò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè, ẹ má kàn gbé e dé.

Àwọn òtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń di yàrá mélòó kan mú fún àlejò ìgbéyàwó ní ẹ̀dínwó, àmọ́ ó ní ọjọ́ tó ń parí, tí wọ́n á tú àwọn yàrá náà padà sọ́jà. Ẹ béèrè ọjọ́ náà. Ẹ sì wò ó bóyá iye tó wà fún gbogbo ayé kò kéré ju tiyín lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀. Kí ẹ tó sáré lọ mú èyí tó kéré, ẹ ka ohun tí wọ́n sọ nípa dídá owó padà.

Oṣù kẹwàá la ṣe tiwa torí pé ó dín lówó. Kò pẹ́ tá a mọ ìdí tó fi dín. Àsìkò ìjì líle àgbègbè náà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Ọlọ́run yọ wá, òjò lásán ni. Àmọ́ àbúrò ọkọ mi lọ ra ìnṣọ́ránsì nígbà tí ìjì kan ti ń rìn bọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí ó má bínú, ìjì tó bá ti gba orúkọ kí o tó ra ìwé kò sí nínú ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá san owó àkọ́kọ́ ni kí ẹ ra ìnṣọ́ránsì.

Ẹ̀bùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹ̀bùn ńlá wá. Ẹnìkan gbé àwo tánńganran méjìlá wá bá wa, pẹ̀lú ìfẹ́ gbogbo, èmi àti ọkọ mi wá ń fi ọjọ́ kejì ìgbéyàwó wa wá àpótí kiri. Ẹ fi ránṣẹ́ sílé wọn. Bó bá sì di dandan pé ẹ máa gbé e dání, ẹ má fi bébà dì í pa, torí àwọn tó ń yẹ ẹrù wò lè ní kí ẹ tú u.

Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ẹ wá ẹlòmíràn tí ẹ máa máa bi ní ìbéèrè. Ẹnìkan pè mí láàárọ̀ ìgbéyàwó pé kí ni ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì. Orí mi wà lọ́wọ́ onírun.

Ìyá Ọmọ Kan

Orí mi wà lọ́wọ́ onírun! Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi bi mí pé kí ló dé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ti ṣẹlẹ̀ o. Níbi iṣẹ́ ọkọ mi, wọn ò fún un láyè. Èmi àti ọmọ nìkan la máa lọ. Orúkọ tí mò ń jẹ́ nínú ìwé ìrìnnà mi, orúkọ bàbá mi ni, ti ọmọ jẹ́ ti bàbá tirẹ̀. Ṣé ó lè dá wàhálà sílẹ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú.

Mo Ń Tọ́mọ

Ó lè dá a sílẹ̀, ó sì lè má dá a sílẹ̀, ẹ má ṣáà ti lọ lọ́wọ́ òfo. Kí bàbá kọ lẹ́tà pé òun mọ̀ sí ìrìn àjò náà, òun sì fọwọ́ sí i: orúkọ ọmọ, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀, orúkọ yín, ọjọ́ àlọ, ọjọ́ àbọ̀, ibi tí ẹ máa dé sí, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè fi pè é. Kó lọ fọwọ́ sí i níwájú ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé. Ẹ so ẹ̀dà ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìrìnnà bàbá àti ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ mọ́ ọn, torí ìwé ìbí ló máa sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu ibodè pé ẹ̀yin ni ìyá. Òṣìṣẹ́ kan fi ẹ̀rín bi ọmọ mi pé, "Ta lẹni yìí?" Ọmọ mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Eré ló ń ṣe. Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà dé kí ọkọ yín kàn má yọjú. Ẹ pè wọ́n nísinsìnyí, kí wọ́n ya orúkọ rẹ̀ kúrò lára tiyín, kí ẹ sì bi wọ́n ní iye tí wọ́n lè dá padà. Ìnṣọ́ránsì gbogbogbòò kì í sábà san nǹkan kan lórí pé ọ̀gá kò fún èèyàn láyè, àfi bí ẹ bá ra èyí tó ní í nínú. Ìwé ìbéèrè físà ọmọ náà, ìyá àti bàbá ló máa fọwọ́ sí i, torí náà kí ó má tíì rìnrìn àjò iṣẹ́ kankan ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Oògùn: nínú páálí rẹ̀ ni kó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà, nínú báàgì ọwọ́. Ẹ má kó o pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Ohun tí wọ́n ń tà fún ọ lórí káńtà nílé lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbòmíràn. Ní ilẹ̀ Japan, oògùn òtútù tí èròjà pseudoephedrine inú rẹ̀ bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kò gbọdọ̀ wọlé. Ní Dubai àti àwọn ìlú tó kù ní UAE, èyí tó bá ní codeine nínú ń fẹ́ àṣẹ ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa sìgá oníná, ìyẹn vape, Thailand àti Singapore kò fẹ́ rí i rárá.

Ìpara tó ń dí oòrùn náà ti ní òfin tirẹ̀. Láti 2020 ni erékùṣù Palau ti fi òfin de àwọn ìpara tó ń ba iyùn inú òkun jẹ́, Hawaii sì ti dá títa èyí tó ní kẹ́míkà oxybenzone àti octinoxate nínú dúró láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2021. Bí ìgbéyàwó bá sì wà ní orílẹ̀-èdè tó ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever), ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọlé, torí kì í múlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó bá ti gbà á rí kò ní láti tún un gbà. Láti 2016 ló ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé.

Èyí tó kẹ́yìn, mo sọ ọ́ torí ohun tí mo fojú rí: àwọn ọ̀dọ́ máa ń lọ rì wọ inú òkun pẹ̀lú ìgò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, kí wọ́n tó sáré lọ wọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe é. Lẹ́yìn ìrìwọlé bíi mélòó kan, ó kéré tán wákàtí 18 gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Afẹ́fẹ́ tó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣí.

Owó Ara Mi

Mo gbàgbé ti owó. Bí ẹ̀rọ káàdì tàbí ẹ̀rọ apọwó bá bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ san ní owó ilé yín tàbí owó ibẹ̀, owó ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Èyí tó dà bí oore yẹn, àwọn ló ń fi bó ṣe wù wọ́n ṣẹ́ owó fún yín. Káàdì méjì, kí wọ́n má wà nínú pọ́ọ̀sì kan náà. Ẹni tó bá sì ń gbé owó ìdáwó àwọn ẹbí lọ fún ọkọ àti ìyàwó, tó bá ti tó 10,000 yúrò tí ẹ fi ń wọ Yúróòpù, ẹ kéde rẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè. Gbígbé e kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, fífi í pamọ́ ni.

Ìyá Ọmọ Kan

Ẹ̀yin ará mi, a ti lọ, a ti bọ̀.

Ìwé ìrìnnà ọmọ gba ọ̀sẹ̀ méje, físà gba ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ẹ̀gbọ́n Àgbà, àdúrà mi wà lórí yín. Ọjọ́bọ̀ la débẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu ibodè gba lẹ́tà bàbá rẹ̀, ó kà á, ó kà ìwé ìbí, ó wá bi ọmọ pé ibo ló ń lọ. Ọmọ ní, "Ìgbéyàwó. Èmi ni mo máa gbé òrùka." Irọ́ ni o, kò sẹ́ni tó ní kí ó gbé òrùka kankan, àmọ́ ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú débi pé ọkùnrin yẹn kí i kú oríire.

Àpótí wa kò bá wa dé. Mo kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo gba nọ́ńbà, mi ò tilẹ̀ bínú, torí aṣọ mi àti bàtà mi wà lọ́wọ́ mi, oògùn ikọ́ ọmọ wà lọ́wọ́ mi, aṣọ ọmọ náà wà lọ́wọ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni mo tó rántí pé mo ti fi bàtà ọmọ sísàlẹ̀ kí báàgì má bàa wúwo. Mo wá a ká gbogbo Fira, kò sí èyí tó bá a lẹ́sẹ̀ mu. Àpótí dé lọ́jọ́ Àìkú.

Nínú fọ́tò ńlá tí gbogbo wa yà, tí òkun wà lẹ́yìn wa, tí ọ̀rẹ́ mi wà láàárín nínú aṣọ funfun, ẹ wo apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó wọ kóòtù àti táì, tó wá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ilé ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ọ̀rẹ́ mi ní èyí làwọn máa tẹ̀ síwájú ìwé fọ́tò.